Sẹ́ńsọ̀ Ooru Tó Ń Parọ́ fún Brain Box

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Corolla 2005 ni mò ń wà ní Abẹ́òkúta. Kì í yọ mí lẹ́nu láàárọ̀, àmọ́ tí mo bá pa á ní Kútọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, màá yí kọ́kọ́rọ́ títí kó tó sítáàtì, èéfín dúdú á sì bò ó. Ó ń mu epo gan-an. Iná check engine kò tàn, sikánà (ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí brain box ń sọ) kò rí kóòdù àṣìṣe kankan. Mẹkáníìkì ní kí n pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ooru ẹ́ńjìnì. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì rà á. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá thermostat (ohun tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnì á fi gbóná) ṣì wà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ló máa ń yọ ọ́ dànù kí ọkọ̀ má baà gbóná. Ẹ́ńjìnì tí kò ní thermostat lè máà gbóná tó bó ṣe yẹ, brain box (kọ̀ǹpútà tó ń pín epo fún ẹ́ńjìnì) á wá máa fún un lépo púpọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, bí ẹni pé ó ṣì tutù bíi ti òwúrọ̀. Sẹ́ńsọ̀ ò jẹ̀bi níbẹ̀.

Bó bá wà, ẹ fura sí sẹ́ńsọ̀. Wáyà tó já tàbí tó gan ara wọn ló sábà ń mú kóòdù jáde. Sẹ́ńsọ̀ tó bá ń sọ 40°C nígbà tí ẹ́ńjìnì wà ní 90°C, brain box lè gbà á gbọ́, kó máa da epo púpọ̀ sí i láìgbé kóòdù jáde.

Láàárọ̀, kẹ́ ẹ tó sítáàtì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ síbi ON, kí ẹ fi sikánà wo ooru omi ẹ́ńjìnì àti ti afẹ́fẹ́ tó ń wọlé. Ó yẹ kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí ti omi bá sọ 5°C, irọ́ ni, àfi tẹ́ ẹ bá gbé ọkọ̀ sun inú fíríìjì. Lẹ́yìn náà ẹ sítáàtì: nọ́ńbà náà yẹ kó máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí dé nǹkan bíi 80 sí 95°C, láìfò, láìdúró.

Ẹ pa á, ẹ wo sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀ bóyá ó ti dípẹtà. Ìpẹtà nìkan tó láti mú un sọ pé ẹ́ńjìnì tutù. Ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kọ́kọ́rọ́ wà ní ON: sikánà yẹ kó sọ -40°C. Ẹ wá fi wáyà kékeré so ihò méjèèjì pọ̀ (oníwáyà méjì nìkan ni kẹ́ ẹ ṣe báyìí fún): ó yẹ kó fò kọjá 120°C. Bí kò bá fò, rìwáyà ni kẹ́ ẹ pè, wáyà tàbí brain box ló ní ìṣòro. Bó bá fò, sẹ́ńsọ̀ ló kù.

Ẹ fi mítà wọn ọ́n: 2,000 sí 3,000 òómù ní 20°C, 200 sí 400 ní 80°C. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ ti orí rẹ̀ bọ omi gbígbóná kẹ́ ẹ wọn ọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ìgbà tí ẹ́ńjìnì bá tutù pátápátá ni kí wọ́n yọ ti tẹ́lẹ̀, kí wọ́n fi wáṣà tuntun sí i, kí wọ́n sì da coolant padà dípò omi kànga, torí ìpẹtà ló ń bo orí sẹ́ńsọ̀. Kí wọ́n tú afẹ́fẹ́ inú omi náà jáde. Sẹ́ńsọ̀ tuntun tó bá wà nínú afẹ́fẹ́ á parọ́ bíi ti àtijọ́.