Wọ́n Ní Kí N Fi Fúńgọ́ọ̀sì Tọ́jú Tòmátì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọdún kejì rèé tí tòmátì mi ń rọ bó bá ti tanná. Ewé ìsàlẹ̀ á kọ́kọ́ pọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, igi á rọ lọ́sàn-án gangan, kó tó ọ̀sẹ̀ méjì á ti gbẹ. Wọ́n ní kí n ra ìyẹ̀fun Trichoderma, pé fúńgọ́ọ̀sì ni. Ṣé kì í ṣe fúńgọ́ọ̀sì náà ló ń pa á ni? – Àgbẹ̀ tòmátì, Ìsẹ́yìn

ÌDÁHÙN: Ẹ̀rín pa mí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn mí, èmi náà ní, "Ẹ fẹ́ fi olè ṣọ́lé!" Fusarium, fúńgọ́ọ̀sì kan, ni mo fura sí lóko yín. Inú ilẹ̀ ló ń gbé, ó ń gba gbòǹgbò wọlé, á sì dí ọ̀nà omi inú igi. Trichoderma ní tirẹ̀ a máa lọ́ mọ́ irú fúńgọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ bí ìtàkùn, á tu oje tó ń yọ́ ara rẹ̀ sí i, á sì fi í jẹun.

Kẹ́ ẹ tó náwó o, ẹ fa ọ̀kan tó ń rọ tu, kẹ́ ẹ gé ìsàlẹ̀ igi rẹ̀. Ẹ fi èyí tẹ́ ẹ gé kọ́ sínú omi nínú ife dígí. Bí nǹkan funfun bíi wàrà bá ń ṣàn jáde, bakitéríà ni. Ẹ má retí pé Trichoderma á wò ó. Bí omi bá mọ́ gaara, tí inú igi sì pọ́n bíi tíì, ẹ lọ rà á.

Láti nọ́sìrì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pò ó mọ́ ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà dáadáa. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ń kó ọmọ tòmátì lọ sóko, ẹ ri gbòǹgbò wọn bọ omi tẹ́ ẹ po ìyẹ̀fun náà sí, nírọ̀lẹ́. Ohun ẹlẹ́mìí ni, oòrùn lè pa á. Mo ra ọ̀kan nígbà kan tí wọ́n so kọ́ sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo àsìkò yẹn, kò ṣe nǹkan kan, mo sì ń bú ìyẹ̀fun tó ti kú! Oògùn apafúńgọ́ọ̀sì bíi carbendazim náà á pa á, ẹ má da méjèèjì sílẹ̀ kan náà.

Àwọn tó ti rọ báyìí kò ṣeé gbà là mọ́. Ẹ fà wọ́n tu, kẹ́ ẹ sun wọ́n. Ẹ má kó wọn sórí ààtàn tẹ́ ẹ ti ń bu ilẹ̀dú o.