Rélùwéè mi ń kú ní Abẹ́òkúta: ṣé kí n ra kọntírólà tó lágbára sí i?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Manchester ni mò ń gbé. Ó ti tó ọdún méjì tí mo ti ń to rélùwéè kékeré sí òkè àjà ilé mi: ojú irin àtijọ́, láti Ìddó dé Ìbàdàn. Irin OO, ìyẹn ìwọ̀n kan fún rélùwéè kékeré, ni mo lò, gígùn rẹ̀ sì tó mítà méje lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ìddó ti parí, mo ti mọ Olúmọ, afárá Odò Ògùn náà ti dúró. Mo fi àwòrán ránṣẹ́ sí yín. Ìṣòro mi ni pé bí ẹ̀ńjìnnì bá kúrò ní Ìddó, níbi tí kọntírólà tó ń fún irin níná wà, eré ló ń sá. Kó tó dé Abẹ́òkúta, ó ti ń wọ́sẹ̀. Kó tó dé Ìbàdàn, ó ti kú, àfi kí n fi ìka tì í. Ó tún máa ń dúró lórí oríta irin. Kọntírólà mi jẹ́ 12 fọ́ọ̀tì, 1 áńpù. Mo ti rí ọ̀kan tó jẹ́ 5 áńpù. Ṣé kí n rà á? Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa tún sọ pé irin mi fẹ̀ jù fún rélùwéè ilẹ̀ wa. Ṣé òótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ náà, ẹ sì kú ọgbọ́n. Mo wo Olúmọ yẹn títí. Ẹni tó bá ti gun àpáta náà rí máa mọ̀ pé ẹ fara balẹ̀ wò ó kí ẹ tó mọ ọ́n.

Ẹ má ra kọntírólà kankan. Owó yẹn, ẹ yọ díẹ̀ níbẹ̀, kí ẹ fi ra wáyà.

12 fọ́ọ̀tì ni kọntírólà tí ẹ ní, 12 náà ni èyí tí ẹ fẹ́ rà. Áńpù tí wọ́n kọ sí i lára kì í ṣe iye tí yóò fi tipátipá rọ sínú irin. Iye tó lè gbé jáde ni, bí ohun tó ń jẹ iná bá bèèrè fún un. Ẹ̀ńjìnnì OO tí ara rẹ̀ yá kì í sábà jẹ ju ìdajì áńpù lọ, ọ̀kan tí ẹ ní sì ti tó o. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá yẹ̀ lójú irin tí ó sì ṣe ṣọ́ọ̀tì, áńpù 5 lè yọ́ ike kí ẹ tó na ọwọ́ dé ibi tí ẹ ti máa pa á. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ wáyà fífà, mi ò ní gbé e fún ẹni tí kò tíì wo ojú irin rẹ̀ wò.

Iná tó ń jáde ní Ìddó kò kéré. Ojú ọ̀nà ló ń jẹ ẹ́.

Ẹ wò ó: ọ̀pá irin kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń tà kò tó mítà kan géérégé. Mítà méje yín gba nǹkan bí ọ̀pá mẹ́jọ, ìyẹn oríkèé méje lápá ọ̀tún, méje lápá òsì, mẹ́rìnlá lápapọ̀. Nígbà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tò ó, irin pẹlẹbẹ kékeré tó so wọ́n pọ̀ di ọ̀pá mú gírí. Láti ìgbà yẹn, òkè àjà ti gbóná, ó ti tutù, ẹ ti kun ẹ̀gbẹ́ irin láwọ̀ ìpẹtà, ẹ sì ti da òkúta wẹ́wẹ́ sábẹ́ rẹ̀, ẹ wá fi gúlúù olómi rin ín. Mo rí òkúta yẹn nínú àwòrán, ó dára. Ṣùgbọ́n gúlúù kì í béèrè ibi tó yẹ kó wọ̀. Ó ti rá wọ inú oríkèé, ó ti gbẹ síbẹ̀. Irin náà fúnra rẹ̀ ò gbọnná bíi bàbà. Wọ́n ń pè é ní fàdákà níkẹ́ẹ̀lì, àmọ́ kò sí fàdákà kankan nínú rẹ̀: bàbà, síǹkì àti níkẹ́ẹ̀lì ni wọ́n pò pọ̀, ìdènà tó sì ń ṣe fún iná ju ti bàbà gidi lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká sọ pé oríkèé kọ̀ọ̀kan ń dènà iná pẹ̀lú 0.3 óòmù. Mẹ́rìnlá rẹ̀ jẹ́ 4.2. Bí ẹ̀ńjìnnì bá ń jẹ 0.5 áńpù, 2.1 fọ́ọ̀tì ti sọnù sọ́nà. Bí ẹ bá ṣí kọntírólà tán, ẹ lè má kà á sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ bó ṣe yẹ kí rélùwéè àtijọ́ máa rìn, tí ẹ ṣí i dé 5 fọ́ọ̀tì péré, 2.9 ló máa kù ní Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ńjìnnì ni 2.9 ò lè mú rìn.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: wọ́n á gbé mítà ìwọnná, wọ́n á kàn án mọ́ irin ní ìpẹ̀kun, ó á sọ pé 12 fọ́ọ̀tì pé pérépéré. Wọ́n á ní ojú irin dára, ẹ̀ńjìnnì ló bàjẹ́. Mítà ò parọ́, àmọ́ kò jẹ iná tó ohun tí à ń sọ. Ẹni tó bá ti gbé ilé alájà mẹ́ta rí mọ ohun tí mò ń wí. Bí gbogbo ẹ̀rọ omi bá wà ní títì, omi kún páìpù dé òkè. Ẹ wá ṣí ẹ̀rọ òkè pátápátá nígbà tí páìpù ti dí, kí ẹ rí bí yóò ṣe máa kán tó, tó, tó. Àfi kí nǹkan máa jẹ iná lójú irin kí ẹ tó wọ̀n ọ́n.

Nítorí náà ẹ wá gílóòbù ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan, 12 fọ́ọ̀tì, 5 wáàtì, irú èyí tó máa ń tan nọ́ńbà ẹ̀yìn ọkọ̀. Iye tó ń jẹ sún mọ́ ti ẹ̀ńjìnnì yín. Ẹ so wáyà kúkúrú méjì mọ́ ọn. Ẹ gbé ọkọ̀ kúrò lójú irin, ẹ ṣí kọntírólà tán, kí ẹ wá fi ẹnu wáyà kan irin méjèèjì ní Ìddó. Ó máa tàn yòò. Ẹ rékọjá oríkèé kan, ẹ tún fi kàn án. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ dé Ìbàdàn, kí ẹ pa iná yàrá kí ojú yín lè rí ìyàtọ̀. Ibi tí gílóòbù bá ti ṣú lójijì, oríkèé tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rékọjá ló jẹ̀bi. Láti mọ̀ bóyá ti ọ̀tún ni tàbí ti òsì, ẹ jẹ́ kí gílóòbù máa tàn, kí ẹ wá fi ẹnu mítà kan ìhín àti ọ̀hún oríkèé kan náà, lórí irin kan ṣoṣo. Oríkèé tó dáa máa fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ pé òdo. Èyí tó bá sọ pé ìdajì fọ́ọ̀tì, olè ni.

Tí ẹ bá wá mọ olè tán, ẹ má wulẹ̀ máa fún oríkèé ní ìkọ̀ọ̀kan. Ẹ fi iná gba ọ̀nà míràn. Wáyà bàbà méjì, pupa àti dúdú, ìwọ̀n 1.5 tí a fi ń fa iná ilé, ẹ nà án sábẹ́ pákó láti Ìddó dé Ìbàdàn. Láti ara ọ̀pá irin kọ̀ọ̀kan, ẹ gba ihò kékeré sọ wáyà tín-ín-rín kúkúrú kalẹ̀, kí ẹ so ó mọ́ èyí tó wà nísàlẹ̀: irin iwájú mọ́ pupa, irin ẹ̀yìn mọ́ dúdú, láìyẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá so ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fi mítà wò ó bóyá pupa àti dúdú ti kan ara wọn. Ẹni tó bá so mẹ́rìndínlógún tán kó tó yẹ̀ ẹ́ wò, tí ṣọ́ọ̀tì kan wá wà nínú rẹ̀, á fi ọjọ́ Sátidé kan wá a.

Lẹ́ẹ̀dì jíjó ló máa ń ba èèyàn lẹ́rù. Ìta irin ni kí ẹ jó o sí, torí inú ni etí wíìlì ń gbà kọjá. Ẹ fi fáìlì ha ibẹ̀ títí ó fi máa dán, ẹ fi fúlọ́ọ̀sì, ìyẹn oje tó ń jẹ́ kí lẹ́ẹ̀dì mú, kàn án, ẹ jó lẹ́ẹ̀dì díẹ̀ sí irin lọ́tọ̀, díẹ̀ sí ẹnu wáyà lọ́tọ̀, kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀. Áyọ́ọ̀nù tó gbóná dáadáa ni kí ẹ lò, 40 wáàtì ó kéré tán. Èyí tí kò gbóná tó máa ń pẹ́ lórí irin, pípẹ́ yẹn ló sì ń yọ́ ike ìdábùú tó gbé irin dúró. Ẹ fi tíṣù tútù bo irin lọ́tùn-ún lósì, kí ẹ kà á dé mẹ́ta, kí ẹ gbé áyọ́ọ̀nù kúrò.

Ẹ má jó lẹ́ẹ̀dì di oríkèé pa. Mo ṣe é rí. Mo rò pé ọgbọ́n ni, gbogbo oríkèé ni mo jó pọ̀ nínú oṣù Kejì, nígbà tí òkè àjà tutù bíi fíríìjì. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ, ojú irin mi ti wọ́ bí ejò, ibì kan ti fà jáde kúrò lórí pákó. Irin mítà méje tó bá ti ìwọ̀n òtútù 5 bọ́ sí ooru 35 máa gùn sí i ju mílímítà mẹ́ta lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ríbi gbà. Àlàfo bíńtín ní oríkèé ni ibi tó ń gbà, wáyà ìsàlẹ̀ yóò sì máa gbé iná.

Oríta irin ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ahọ́n irin tó ń yí sọ́tùn-ún sósì ń gbẹ́kẹ̀ lé ìfarakàn lásán láti gba iná, eruku díẹ̀ sì tó láti pa á. Síwájú díẹ̀ ni ibi tí irin méjì ti fẹnu kora. Àwọn Òyìnbó ń pe ibẹ̀ ní ọ̀pọ̀lọ́, mi ò sì tíì rí ohun tó fi jọ ọ̀pọ̀lọ́ títí dòní. Nínú àwòrán yín, ike dúdú ló wà níbẹ̀, kò gbé iná rárá. Ẹ̀ńjìnnì gígùn á ti fi wíìlì míràn mú iná kó tó kọjá, àmọ́ kékeré onígun mẹ́rin tí ẹ fi ń fa ẹrù yẹn ò gùn tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ bá máa pààrọ̀ oríta, ẹ ra èyí tí ibẹ̀ jẹ́ irin, kí ẹ fi wáyà gba inú súwíìṣì tó ń yí pẹ̀lú ahọ́n fún un.

Ìmọ́tótó ńkọ́? Aṣọ funfun àti sípírítì, ó tó. Ẹ jìnnà sí sáǹpépà, torí ojú ọgbẹ́ tó bá dá sí irin ni ìdọ̀tí á máa sá pamọ́ sí. Fún wíìlì ẹ̀ńjìnnì, ẹ tẹ́ tíṣù tí ẹ ti rẹ sínú sípírítì lé irin, ẹ di ẹ̀ńjìnnì mú kí wíìlì apá kan wà lórí tíṣù, kí apá kejì máa mú iná lórí irin, kó máa yí. Ìlà dúdú tí ẹ máa rí lórí tíṣù yẹn máa yà yín lẹ́nu. Ẹ wá yí i padà.

Ní ti ìbú irin, òótọ́ ni ẹni yẹn sọ. Ojú irin tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láti Èkó lọ́dún 1896, tí wọ́n ṣí dé Ìbàdàn lọ́dún 1901, mílímítà 1,067 ni àárín irin méjèèjì. Nínú ìwọ̀n OO, ìyẹn ìdá kan nínú 76, ó yẹ kó jẹ́ mílímítà 14. Tiyín jẹ́ 16.5. Ṣùgbọ́n kí ẹ bi í pé irin OO tí gbogbo wọn ń lò fún rélùwéè Òyìnbó ńkọ́? Ti Òyìnbó jẹ́ 1,435, ó yẹ kó tó mílímítà 18.8, 16.5 kan náà ni wọ́n sì ń lò. Tiyín fẹ̀ jù, tiwọn há jù, orí irin kan náà ni ẹ jọ wà. Tí ẹ bá fẹ́ kó bára mu láìtú irin, ìdá kan nínú 64 ni kí ẹ fi kọ́ ọkọ̀ àti ilé, 16.5 yẹn á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sí i gẹ́lẹ́, àmọ́ ìyẹn ni pé ẹ máa tún Ìddó kọ́. Mi ò ní gbà yín níyànjú bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ rélùwéè tuntun tó ń ná Moníyà n'Ìbàdàn láti ọdún 2021 ni ẹ máa kọ́ tẹ̀ lé èyí, 1,435 ni tirẹ̀, ẹ ra ọkọ̀ HO, ìdá kan nínú 87, ó bá irin yín mu láìkù síbì kan.

Ẹ bẹ ẹni tó wọn irin yẹn kó wá lọ́jọ́ Sátidé. Gílóòbù yẹn gba ọwọ́ méjì, mítà gba méjì míràn.