Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Yọ Orí Bátìrì Nígbà Tí Ẹ́ńjìnnì Ń Ṣiṣẹ́

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ọkọ̀ mi kì í sítáàtì mọ́ láàárọ̀, àfi kí wọ́n jọ́ǹpù ú. Mẹkáníìkì mi yọ orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ ò kú. Ó ní alternator, ìyẹn ohun tó ń pèsè iná fún ọkọ̀ tó sì ń fi iná sínú bátìrì, ò ní wàhálà, pé kí n lọ ra bátìrì tuntun. Ṣé kí n rà á?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra nǹkan kan. Ohun tí wọ́n ṣe fún ọkọ̀ yín ká mi lára ju ọ̀rọ̀ bátìrì lọ. Ojoojúmọ́ ni mò ń pariwo ẹ̀: a kì í yọ orí bátìrì tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́! Bí rédíò yín bá ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹ dúpẹ́.

Àwọn mẹkáníìkì á ní àwọn ọ̀gá àwọn náà ń ṣe é. Wọ́n ń ṣe é lóòótọ́, àmọ́ dáínámò ni ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn ń lò dípò alternator, kò sì sí kọ̀ǹpútà kankan nínú rẹ̀ tó lè jó.

Bẹ́lítì ẹ́ńjìnnì ló ń yí alternator. Irin tí wáyà wé mọ́ wà nínú rẹ̀, rotor là ń pè é. Tí iná díẹ̀ bá ti wọ̀ ọ́, ó di mágnẹ́ẹ̀tì, bó sì ṣe ń yí ni iná ń jáde lára wáyà tó yí i ká. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn, bátìrì ò lè gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn dáyóòdù, mẹ́fà ni wọ́n sábà máa ń jẹ́, ló ń sọ ọ́ di iná tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo. Régúlétọ̀ ló ń ṣọ́ ọ kó má pọ̀ jù.

Nígbà tí bátìrì bá ti gbẹ bíi tiyín, àgbàrá iná ni alternator ń tú sínú rẹ̀. Ẹ wá já a lójijì. Agbára mágnẹ́ẹ̀tì rotor kì í kú lẹ́sẹ̀kan náà, ọwọ́ régúlétọ̀ ò sì yá tó bẹ́ẹ̀. Iná tó yẹ kó wà ní fóòtì 14 lè fò kọjá 40. Ó lè jó ọpọlọ ọkọ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó lè jó dáyóòdù alternator fúnra rẹ̀.

Àyẹ̀wò ọ̀hún ò tiẹ̀ sọ òótọ́. Bí dáyóòdù kan bá bàjẹ́, àwọn tó kù lè pèsè iná tí ẹ́ńjìnnì á fi máa ṣiṣẹ́ lọ. Àmọ́ ẹyọ kan yẹn lè máa fa iná bátìrì jẹ mọ́jú. Mo ti fọwọ́ kan alternator ọkọ̀ kan rí láàárọ̀ kùtù, tí wọn ò tíì sítáàtì ẹ̀: ẹ́ńjìnnì tutù nini, alternator ń lọ́ wọ́rọ́wọ́rọ́. Mi ò ní tiyín náà nìyẹn o, mi ò rí ọkọ̀ yín.

Mítà tí wọ́n fi ń wọn iná ni kí wọ́n lò. Kí ẹ tó sítáàtì láàárọ̀, bátìrì tó kún máa ń wà ní nǹkan bíi fóòtì 12.6, tó bá dé 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán. Tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, 13.8 sí 14.7 là ń retí, kódà tí ẹ bá tan iná iwájú àti fáànù. Kọ̀ǹpútà àwọn ọkọ̀ tuntun kan máa ń mọ̀ọ́mọ̀ dín in kù, nítorí náà kí wọ́n má tìtorí nọ́ńbà kan ṣoṣo dá alternator lẹ́bi. Kí wọ́n tún yí mítà sí AC, ìyẹn iná tó ń lọ tó ń bọ̀, lórí bátìrì kan náà: tó bá ju ìdajì fóòtì lọ, dáyóòdù ni kí wọ́n fura sí.

Tí gbogbo ìyẹn bá dáa, kí rewáyà wá ohun tó ń jẹ iná lóru, bíi iná búùtù tí kì í kú tàbí àláàmù. Lẹ́yìn náà la tó lè máa sọ̀rọ̀ bátìrì tuntun.

Bí ẹnikẹ́ni bá tún na ọwọ́ sí orí bátìrì yẹn, ẹ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, kí ẹ sì ki kọ́kọ́rọ́ bọ àpò.