Ẹ Bi Ọdẹ Léèrè: Ọta Tó Ń Rọra Lọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n Ọdẹ, ẹ kú iṣẹ́ o. Dallas ni mo ń gbé. Láti oṣù kẹjọ ni mo ti ń di katiríìjì ìbọn .300 Blackout fúnra mi, ìyẹn ni pé mo ń bu ẹ̀tù sínú agolo idẹ, mo sì ń tẹ ọta lé e; ọta wúwo ni, 220 gíréènì (ìwọ̀n ìwúwo ọta), irú èyí tó yẹ kó rọra lọ. Nígbà ooru, tí mo bá yìn ín tòun ti saìlẹ́ńsà, ohun tí wọ́n ń dè mọ́ ẹnu ìbọn kó má pariwo, ariwo rẹ̀ kò ju kí èèyàn pàtẹ́wọ́ lọ. Àmọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kìíní, tí yìnyín bo koríko, ọta kan náà, ẹ̀tù kan náà, ó ń dún “pàà!” bí ìgbà tí wọ́n ń fi kòbókò na afẹ́fẹ́. Ṣé saìlẹ́ńsà mi ló ti bàjẹ́ ni?

Èsì: Àbúrò, saìlẹ́ńsà rẹ kò ṣe nǹkan kan. Ojú ọjọ́ ni kí o bi.

Ariwo méjì ló wà lára ìbọn. Èkíní ni ti ẹ̀tù tó bú jáde lẹ́nu ìbọn, ìyẹn sì ni saìlẹ́ńsà ń pa lẹ́nu mọ́. Èkejì ni ti ọta fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń sáré ju ìró lọ. Saìlẹ́ńsà kankan kò rí ìyẹn mú, torí ọta ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, gbogbo ibi tó ń gbà kọjá ló ń pariwo dé. Kòbókò tí o fi ṣe àpèjúwe yẹn, àfi bíi pé o mọ̀: ṣóńṣó rẹ̀ tó ń sáré ju ìró lọ ló ń dún “pàà” yẹn.

Ìró kì í sáré bákan náà ní gbogbo ìgbà. Tí ojú ọjọ́ bá wà ní 20 dígírì Celsius, ìró ń rin nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 1,125 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nínú ooru 35 dígírì, ó tó 1,155. Tó bá di odo dígírì, tí omi ń di yìnyín, ó já wá sí 1,087. Wàyí o, ká ní ọta rẹ ń rin 1,100. Lóṣù kẹjọ, ìró wà níwájú rẹ̀. Lóṣù kìíní, ó ti kọjá ìró, ó di aláriwo.

Wá ẹ̀rọ tó ń wọn eré ọta, rà á tàbí kí o yá a. Yin mẹ́wàá, má sì wo ìpíndọ́gba wọn, èyí tó yára jù nínú mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni kí o wò, òun ló máa tú ọ fó. Tèmi, nǹkan bíi 1,050 ni mo fi í sí. Mo sì wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, lọ́sàn-án tí oòrùn ń mú ganrínganrín àti láàárọ̀ òtútù, torí pé ẹ̀tù mìíràn máa ń ṣe bí ojú ọjọ́ ṣe ṣe.

Kí n tó gbàgbé: tí o bá ní ìbọn .223 nílé, má ṣe jẹ́ kí katiríìjì méjèèjì pàdé lórí tábìlì kan. Agolo .223 tí wọ́n gé kúrú ni wọ́n fi ṣe .300 Blackout, ó sì lè wọ inú ìbọn .223. Tí o bá yìn ín, ìbọn á fọ́ lọ́wọ́ rẹ. Àpótí pupa ni mo ń kó tèmi sí, mi ò sì kó nǹkan mìíràn síbẹ̀.

Ìbéèrè: Bàbá Ọdẹ, ìbọn .308 ni mo fi ń pa àgbọ̀nrín ní Georgia, mi ò sì lówó òmíràn. Ẹ̀tù tí mo ń lò tẹ́lẹ̀ ni mo fẹ́ dín kù sí ìdajì kí ọta lè rọra lọ. Ṣé ó bójú mu?

Èsì: Má dán an wò.

Ẹ̀tù tó ń jó díẹ̀díẹ̀ ni ti .308, ó fẹ́ kún inú agolo kó tó lè jó dáadáa. Tí o bá bù ú sí ìdajì, ó lè jó kù kí ọta há sí àárín ọ̀nà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, agbára rẹ̀ á ga sódì. Àwọn tó ń di .308 pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ń lo ẹ̀tù mìíràn, èyí tó ń yára jó, ní ìwọ̀n tí ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀tù náà tẹ̀ sínú ìwé. Ìwọ̀n tí ọ̀rẹ́ sọ fún ọ, gbàgbé rẹ̀. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, gbàgbé ìyẹn náà.

Àmọ́ pańpẹ́ kejì wà níbẹ̀. Ẹ̀tù náà kéré débi pé ó kàn bo ìsàlẹ̀ agolo ni. Bí o bá bù ú sí i lẹ́ẹ̀mejì, kò ní kún dà nù tí wàá fi mọ̀. Bí o kò bá bù ú sí i rárá ńkọ́? Èyí ló ṣe èmi.

Mo wà nínú gáréèjì mi, mo ń bu ẹ̀tù sí àádọ́ta agolo. Fóònù dún, ilé ni, láti Ṣakí, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ bàbá wa. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣe ń gùn. Nígbà tí mo padà dé, mo rò pé mo ti bù ú tán, mo bá tẹ ọta lé gbogbo wọn. Lọ́jọ́ Sátidé, lórí pápá ìyìnbọn, mo yin ìkẹrin. Kò dún “gbàà”. “Pọ́” ló dún, bí ìgbà tí wọ́n ṣí kọ́ọ̀kì ìgò. Kò gbún mi ní èjìká. Mo ti ki òmíràn, ìka mi ti ń lọ síbi tí wọ́n ti ń fà á, ni bàbá òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá pariwo pé kí n dúró, ó na ọwọ́ bo ìbọn náà.

A yọ katiríìjì kúrò. Bàbá náà ti ọ̀pá gba ẹnu ìbọn wọlé, ọ̀pá dúró gbọin. Práímà nìkan, ohun kékeré tó ń ṣáná sí ẹ̀tù ní ìdí agolo, ti ti ọta wọ ojú ìbọn, ọ̀pá irin tí ọta ń gbà jáde, ó há síbẹ̀. Ká ní mo yin èyí tó tẹ̀ lé e ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi ì bá wà lára irin tó fọ́. Ọ̀pá idẹ àti òòlù onígi la fi gbá a jáde. Bàbá yẹn kò bá mi wí, omi ló fún mi mu.

Láti ìgbà náà, inú pákó tí mo lu ihò àádọ́ta sí ni gbogbo agolo ń dúró sí. Kí n tó tẹ ọta kan ṣoṣo lé e, mo ń fi tọ́ọ̀ṣì yọjú sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fóònù ń sùn ní yàrá.

Tí o bá tiẹ̀ ṣe gbogbo ìyẹn, ọ̀rọ̀ kù. Ojú ìbọn .308 púpọ̀ ń yí ọta lẹ́ẹ̀kan ní ínṣì 10 tàbí 12, ọta gígùn tó ń rọra lọ fẹ́ kó yí yára ju bẹ́ẹ̀ lọ, lẹ́ẹ̀kan ní bíi ínṣì 8. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́. Yọ saìlẹ́ńsà kúrò kí o kọ́kọ́ yìn ín sí bébà: tí ihò bá rí róbótó, ó dára; tó bá gùn bí ojú ṣíbí, má dá saìlẹ́ńsà padà, ọta á gbá inú rẹ̀ fọ́.

Ti àgbọ̀nrín ńkọ́? Ọta 220 gíréènì tó ń rin 1,050 kò ní tó ìdajì agbára ọta .300 Blackout tó ń sáré ju ìró lọ. Ọta ọdẹ tí wọ́n ṣe fún eré sísá kì í là nínú ẹran tó bá rọra dé, á kàn lu ihò kọjá ni, ẹran á sá lọ kú sínú igbó. Ó tún ń já sílẹ̀: tí o bá ṣètò rẹ̀ fún 50 yáàdì, ní 150 ó ti já ju ẹsẹ̀ bàtà kan ààbọ̀ lọ. Èmi fi í pa ẹlẹ́dẹ̀ ìgbẹ́ ní Texas, láàárín 50 yáàdì. Àgbọ̀nrín, ọta tó ń dún ni mo fi ń pa á.

Tí ọ̀rẹ́ bá ní kó o dì í tà fún òun, kọ̀. Tìrẹ lo lè dì láìgba ìwé àṣẹ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, títà ń fẹ́ ìwé àṣẹ.

Ìbéèrè: Ṣé àwa ọdẹ nílé, ní Òkè Ògùn, lè ṣe irú èyí? Ọ̀rẹ́ mi ní ẹ̀tù òyìnbó tó tú nínú katiríìjì, ó ní kí n fi ki ṣakabùlà.

Èsì: Òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe ọta tàbí tún ìbọn ṣe nínú ilé rẹ̀, ó sì ka ìbọn ológun, títí kan .303 àti 7.62, sí èèwọ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ òkè yìí kì í ṣe ti ilé.

Ti ẹ̀tù ọ̀rẹ́ rẹ yẹn, dá a padà fún un lónìí. Ẹ̀tù dúdú ni ṣakabùlà mọ̀, irin rẹ̀ kò lè gba agbára ti òyìnbó. Bí o bá fi ìwọ̀n tí o ń bu dúdú bu èyí, ojú ìbọn á là ní ìdí, níbi tí ojú rẹ wà.