Fọ́máàtì Kò Wo Kíbọ́ọ̀dù Sàn

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta níbí, ni mo ti ń bá àwọn aládìrẹ kọ ìwé owó wọn, lórí láptọ́ọ̀pù tí ó ń lo Ubuntu. Lẹ́tà méjì kú lára rẹ̀, mo sì ra kíbọ́ọ̀dù tí kò ní wáyà. Láti ìgbà náà, bí mo bá dìde lọ jẹun, kí n tó padà dé, fáànù inú rẹ̀ á ti máa pariwo, ara rẹ̀ á ti gbóná, bátìrì á sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Bí mo bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ẹni tí ń bá mi tún un ṣe ní fáírọ́ọ̀sì ni. Ó ti fọ́máàtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, àìsàn náà sì tún padà. Ṣé kí n jẹ́ kí ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta ni, tàbí antivirus wo ni kí n rà?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó fọ́máàtì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ má sì ná kọ́bọ̀ lórí antivirus nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Irú ìbéèrè yìí ti dé ọ̀dọ̀ mi láti Láfẹ́nwá, ó ti dé láti Pánṣẹ́kẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìlú wa, náà ti bi mí, ibi kan náà ni gbogbo wọn sì ń parí sí: wọ́n ti san owó fọ́máàtì, iṣẹ́ wọn ti sọnù, kọ̀ǹpútà sì tún ń gbóná. Ó ń dùn mí, nítorí pé ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dáhùn ìbéèrè náà tán. Ẹ ní láti ìgbà tí kíbọ́ọ̀dù náà ti dé ni. Ẹ ní ìgbà tí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án ni. Ẹ sì ní fọ́máàtì méjì kò mú un kúrò. Ẹni tí ó bá gbọ́ gbólóhùn mẹ́ta yìí tí ó ṣì ń pariwo fáírọ́ọ̀sì, kò fetí sílẹ̀ ni.

Àwọn tí ń bi mí máa ń rò pé kíbọ́ọ̀dù tí a kò tẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, nítorí náà kò lè jẹ́ òun ni ó fa wàhálà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Dongle, ìyẹn ohun kékeré bí èékánná tí ẹ kì bọ ihò USB, kì í dédé sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà ni ó máa ń bi í léèrè bóyá ẹnìkan ti tẹ nǹkan, ó sì lè bi í ní ìgbà 125 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Àwọn kan tí wọ́n ti gbọ́ èyí máa ń sọ pé ìbéèrè yẹn gan-an ni ó ń jẹ agbára processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà. Èyí náà kò tọ̀nà. Ẹ̀rọ kékeré kan tí ń ṣàkóso ihò USB ni ó ń bi ìbéèrè náà, kì í sì í da processor láàmú àfi bí dongle bá ní ohun tí yóò sọ. Kíbọ́ọ̀dù tí ara rẹ̀ yá, tí a kò tẹ̀, ohun tí ó ń jẹ lára processor kò tó nǹkan. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí nǹkan mìíràn bá ń fi tipátipá mú dongle náà sùn.

Linux, tí Ubuntu yín jẹ́ irú rẹ̀ kan, ní ọgbọ́n kan tí ó fi ń ṣọ́ bátìrì ná, autosuspend ni wọ́n ń pè é: bí ohun tí a kì bọ ihò USB bá ti wà láìṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ó lè mú un sùn. Ní gbogbogbòò, bí Linux bá wà bí wọ́n ṣe kó o sórí kọ̀ǹpútà, kì í ṣe èyí fún kíbọ́ọ̀dù. Ṣùgbọ́n ètò kan wà tí ń jẹ́ powertop, tí ó wúlò púpọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ mọ ohun tí ń jẹ bátìrì rẹ̀. Bí a bá pàṣẹ `powertop --auto-tune` fún un, gbogbo ohun tí ó bá lójú USB ni yóò fi sábẹ́ òfin oorun yìí, kò ní yọ kíbọ́ọ̀dù tàbí mouse sílẹ̀. Dongle mìíràn á sùn, á sì jí wọ́ọ́rọ́wọ́. Òmíràn, bí ó bá ti sùn, kò mọ bí a ṣe ń jí: á já kúrò, kọ̀ǹpútà á rò pé wọ́n ti yọ ọ́, lẹ́yìn náà á tún rí i bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kì í bọ ihò ni.

Ẹ fojú inú wo àlejò tí ó kan ilẹ̀kùn, tí ẹ gbé àga fún, tí ẹ bu omi fún, tí ó sì jáde kí ó tó jókòó, tí ó tún padà wá kan ilẹ̀kùn ní kété tí ẹ gbé àga kúrò, bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Gbogbo ará ilé ni yóò rẹ̀. Nínú kọ̀ǹpútà yín, kernel, ìyẹn ọkàn Linux fúnra rẹ̀, ni ó ń ṣílẹ̀kùn. Systemd-udevd á béèrè orúkọ àlejò àti ohun tí ó wá ṣe. Upowerd á béèrè bí bátìrì kíbọ́ọ̀dù náà ṣe kù sí. Gnome-shell tàbí Xorg, àwọn tí ń ṣètò ohun tí ẹ ń rí lójú kọ̀ǹpútà, á sì tún àtẹ lẹ́tà tò láti ìbẹ̀rẹ̀, méjì sì ni yóò tò fún ẹni tí ó bá ní àtẹ Yorùbá àti ti Gẹ̀ẹ́sì pọ̀ gẹ́gẹ́ bí èmi ti ní in. Ìgbà kan ṣoṣo, ẹ kò lè mọ̀ ọ́n lára. Bí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ láìdáwọ́ dúró ni fáànù ń pariwo. Nígbà tí ẹ bá ń tẹ̀wé, dongle kì í ráyè sùn, nítorí náà kò ní já, ìdí nìyẹn tí ara kọ̀ǹpútà fi ń balẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ fọ́máàtì, nítorí òun ni ó bí mi nínú. Fọ́máàtì a máa nu ohun tí a kọ sórí dísìkì. Dongle kò sí lórí dísìkì. Ihò USB kò sí lórí dísìkì. Bátìrì inú kíbọ́ọ̀dù kò sí lórí dísìkì. Ohun tí ó wà níbẹ̀ ni ìwé owó àwọn aládìrẹ yín. Kí ló wá dé tí ó fi ń dà bí ẹni pé fọ́máàtì ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan tàbí méjì? Ìdí ni pé láptọ́ọ̀pù nìkan ni àwọn ènìyàn máa ń gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń tún un ṣe. Kíbọ́ọ̀dù àti dongle wà nílé. Kọ̀ǹpútà náà tutù láti ìṣẹ́jú tí wọ́n ti yọ dongle, ó tutù ní ṣọ́ọ̀bù kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, ó sì tutù lẹ́yìn fọ́máàtì, fọ́máàtì wá gba ìyìn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Obìnrin kan tí ń rán aṣọ ilé-ìwé gbé irú rẹ̀ wá bá mi ní Òkè-Ìléwó, lẹ́yìn tí fọ́máàtì ti gbé àkọsílẹ̀ àwọn tí wọ́n jẹ ẹ́ lówó lọ. Mo ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé kí ó mú kíbọ́ọ̀dù náà dání. Mo ṣí terminal, ojú ibi tí a ti ń kọ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, mo kọ `sudo dmesg -w`, tí ń fi ohun tí kernel ń rí hàn bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀, mo sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Ohun tí ó jáde nìyí:

usb 1-2: USB disconnect, device number 47
usb 1-2: new full-speed USB device number 48 using xhci_hcd

Kò pẹ́, 48 já, 49 wọlé. 49 já, 50 wọlé. Obìnrin náà na ìka sí nọ́ńbà náà bí ó ṣe ń gùn, nígbà tí kò sí ẹni tí ó fọwọ́ kan ohunkóhun nínú àwa méjèèjì. Nọ́ńbà yìí kò lè kọjá 127 lórí USB. Bí ó bá dé ibẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò ti tún bẹ̀rẹ̀, nígbà tí mo sì wo àkọsílẹ̀ àárọ̀ ọjọ́ náà, ó ti yípo bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo yọ dongle. Ojú terminal dákẹ́. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀, fáànù náà dákẹ́. Ẹni tí ó ń bá a tún kọ̀ǹpútà ṣe ni ó ti kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé kí powertop máa ṣiṣẹ́ nígbàkigbà tí wọ́n bá tàn án, ó sì ń dá a padà lẹ́yìn fọ́máàtì kọ̀ọ̀kan. Kò ní ìkà nínú. Ó fẹ́ kí bátìrì pẹ́ fún un nítorí iná tí kì í dúró. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó ń gba owó ìwòsàn náà ni ó ń dá àìsàn náà padà.

N kò sọ pé kò sí sọ́fítíwíà ọ̀daràn lórí Linux. Ó wà. Àwọn kan wà tí ń fi processor ẹlòmíràn wá owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn mìíràn lára wọn sì mọ bí a ṣe ń fara pamọ́ nígbà tí onílé bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ kí ẹ dán an wò, kí ẹ má kàn gbà á gbọ́ nítorí pé èmi ni mo sọ ọ́.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ da ìwé owó náà kọ sórí fíláàṣì, kí ẹ sì yọ fíláàṣì náà kúrò lára kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, ẹ wo orí kíbọ́ọ̀dù náà bí ó ṣe máa ń wà nígbà tí ẹ bá lọ jẹun. Ṣé ìwé tàbí aṣọ kan wà tí ẹ máa ń gbé lé e? Mo bi yín nítorí pé bọ́tìnì kan tí ohun wúwo bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ yóò máa tún ara rẹ̀ tẹ̀ láìdúró, èyí náà sì lè mú kọ̀ǹpútà gbóná. Bátìrì kíbọ́ọ̀dù tí ó ti ń kú lè ṣe irú rẹ̀, bí kọ̀ǹpútà kò bá gbọ́ pé ẹ ti gbé ìka kúrò. Ẹ fi bátìrì tuntun sí i.

Bí kì í bá ṣe èyí, ẹ ṣí terminal méjì, kí ẹ kọ `top`, tí ń to àwọn ètò tí ó ń jẹ processor jù sókè, sínú ọ̀kan, kí ẹ kọ `sudo dmesg -w` sínú èkejì, kí ẹ sì gbé ọwọ́ kúrò fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ rántí pé 100 nínú top kì í ṣe gbogbo agbára kọ̀ǹpútà yín, agbára core kan ṣoṣo, ìyẹn ẹyọ kan nínú processor, ni; 400 ni òpin fún èyí tí ó ní core mẹ́rin, nítorí náà kí 100 má ṣe dẹ́rù bà yín ju bí ó ti yẹ lọ. Bí ẹ bá rí systemd-udevd, upowerd tàbí gnome-shell lókè, tí ẹ sì ń rí disconnect lẹ́yìn disconnect ní apá kejì, ohun tí mo ń sọ nìyẹn. Ẹ yọ dongle. Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́, ẹjọ́ ti tán, kò kan fáírọ́ọ̀sì.

Láti mọ̀ bóyá ẹnìkan ti fi powertop sí i, ẹ kọ èyí:

grep -rs powertop /etc/systemd/system /etc/rc.local

Bí ó bá dárúkọ fáìlì kan tí ó parí sí .service, ẹ fi `sudo systemctl disable` ṣáájú orúkọ fáìlì náà, kí ẹ sì tún kọ̀ǹpútà tàn. Bí rc.local ni ó dárúkọ, ìlà yẹn ni kí ẹ yọ. Bí kò bá dárúkọ ohunkóhun, ẹ wo nọ́ńbà tí dmesg kọ lẹ́yìn usb. Ti obìnrin yẹn jẹ́ 1-2, tiyín lè yàtọ̀. Ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀ nínú àṣẹ yìí, tí yóò mú kí dongle náà wà lójúfò:

echo on | sudo tee /sys/bus/usb/devices/1-2/power/control

Àṣẹ yìí yóò parẹ́ bí ẹ bá pa kọ̀ǹpútà, mo sì fẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ lè fi ọjọ́ kan wò ó. Bí ó bá tán ìṣòro náà, ẹ lè kọ ọ́ sínú òfin kan lábẹ́ /etc/udev/rules.d kí ó lè dúró. Ẹ má ṣe tẹ àṣẹ tí ó ní sudo, tí ń fún àṣẹ ní agbára ọ̀gá lórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ kò lóye, ìbáà jẹ́ èmi ni mo kọ ọ́, bí kọ̀ǹpútà náà bá sì jẹ́ ti ẹni tí ó gbà yín síṣẹ́, ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Bí dongle náà bá ṣì ń já lẹ́yìn èyí, ẹ yí ihò rẹ̀ padà: ihò lè ti dẹ̀, a sì máa ń rí i lára láptọ́ọ̀pù tí ó ti pẹ́. Ẹ má sì kì í bọ ẹ̀gbẹ́ dísìkì àfikún tí ó ń lo USB 3. Láti ọdún 2012 ni Intel ti kọ ọ́ pé ariwo rédíò tí USB 3 ń ṣe, tí etí kò lè gbọ́, máa ń bọ́ sórí ìgbì 2.4 GHz, orí rẹ̀ sì ni púpọ̀ nínú àwọn kíbọ́ọ̀dù wọ̀nyí ti ń sọ̀rọ̀. Ariwo yẹn kì í sábà já dongle, ṣùgbọ́n ó lè gbé lẹ́tà mì tàbí kí ó sọ ọ́ di méjì, ìyẹn kò sì dára fún ẹni tí ń kọ ìwé owó. Wáyà USB kékeré tí yóò gbé dongle jìnnà díẹ̀ tó.

Bí abẹ́ láptọ́ọ̀pù náà bá ti wú, tí ìdérí rẹ̀ kò pa dé dáadáa mọ́, ẹ fi gbogbo ohun tí mo kọ sílẹ̀, ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ má sì tàn án mọ́ títí ẹni tí ó mọṣẹ́ yóò fi yọ bátìrì rẹ̀. Ooru ọjọ́ pípẹ́ lè fa irú èyí, ó sì lè gbiná.

N kò rí kọ̀ǹpútà yín lójú. Bí ẹ bá yọ dongle tí ó sì ń gbóná lọ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ mi kò bá tiyín mu nìyẹn: ẹ kọ orúkọ tí ó wà lókè pátápátá nínú top sórí ìwé, kí ẹ sì gbé e lọ bá ẹni tí yóò wò ó kí ó tó nu ohunkóhun. Bí ẹ bá ń lọ, ẹ mú kíbọ́ọ̀dù àti dongle rẹ̀ dání.