Ìgúnpá mi ń dùn mí, mo sì fẹ́ kọ́ idà

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Ẹni ọdún 23 ni mí, Ẹ̀bútè ní Ìkòròdú ni mò ń gbé. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ìjà idà àwọn ará Yúróòpù àtijọ́, idà gígùn tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì mú. Orí fóònù la ti ń wò ó, igi la sì fi ń ṣe é lójoojúmọ́. Ọ̀sẹ̀ kejì rèé, ìgúnpá ọ̀tún ń dùn mí, apá mi ń gbọ̀n, tí mo bá sì ṣe é fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, ṣe ni mo máa ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa fì ọmọ odó ìyá mi nígbà 200 láràárọ̀ kí apá mi lè le. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

ÌDÁHÙN: Má ṣe bẹ́ẹ̀ o, ọmọ mi. Dá ọmọ odó padà fún ìyá rẹ lónìí.

Idà tí ẹ ń kọ́ yẹn kò wúwo bí sinimá ṣe ń fi hàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, kílò 1.2 sí 1.6 ni, ẹ̀bá ọwọ́ sì ni ìwúwo rẹ̀ kó sí. Ọmọ odó tí a fi ń gún iyán wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ló sì ti wúwo jù. Tó o bá fì í, tó o wá fẹ́ dá a dúró lójijì, ìgúnpá tó ń dùn ọ́ yẹn ló máa san gbèsè rẹ̀.

Ẹran ara tètè máa ń le, ṣùgbọ́n iṣan tó so ẹran mọ́ egungun kì í yára bẹ́ẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lára. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ọ̀kọ̀ ni mò ń jù, ẹni tó ń kọ́ wa kì í sì fún wa ní ìsinmi ọjọ́ kan. Oṣù méje ni mi ò fi lè fún aṣọ tí mo bá fọ̀ ọ́ tán. Nítorí náà, gbé igi sílẹ̀ báyìí, kó o sì sinmi apá rẹ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Tí ìrora náà bá ṣì wà, lọ sí ọsibítù.

Ẹsẹ̀ lo máa kọ́kọ́ kọ́, kì í ṣe apá. Apẹja ni bàbá mi, ní Ẹ̀pẹ́ níbí. Tí wọ́n bá fẹ́ ju àwọ̀n, ẹsẹ̀ wọn ni mo máa ń wò. Ẹsẹ̀ òsì á tẹ ìsàlẹ̀ ọkọ̀ mọ́lẹ̀, orúnkún á rọ̀ díẹ̀, ìbàdí á yí, ìgbà náà ni apá á tó tẹ̀ lé e. Àwọ̀n á là bí ìgbà téèyàn tẹ́ ẹní sórí ọ̀sà. Wọ́n ti lé ní ẹni 60 ọdún nígbà náà, ọkọ̀ sì ń mì lẹ́sẹ̀ wọn, mi ò rí i kí apá wọn gbọ̀n rí.

Àwọn tó ni ìjà yìí gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀. Fiore dei Liberi, olùkọ́ idà ará Ítálì tó ṣe ìwé rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1409, ní àwòrán ọkùnrin kan tí ẹranko mẹ́rin yí ká níbẹ̀. Erin ló wà níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé ilé olódi pọ̀n, ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in. Ìjàkadì ló sì kọ́kọ́ fi kọ́ni kó tó kan idà. Bí ọ̀kan nínú yín bá mọ gídígbò, ẹ jẹ́ kó máa kọ́ ẹ̀yin yòókù.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá yẹn, Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti Ọjọ́ Ẹtì ni kó o máa ṣe eré ìmárale yìí, kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀. Kọ́kọ́ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá rìn kánmọ́kánmọ́. Fo okùn fún ìṣẹ́jú kan, sinmi fún ìṣẹ́jú kan, lẹ́ẹ̀mẹfà. Lóṣòó kó o dìde, nígbà mẹ́wàá, lọ́nà mẹ́ta, kí gìgísẹ̀ má kúrò nílẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, pọn omi kún kẹ́ẹ̀gì onílítà 10 méjì, kílò 10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́. Gbé ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, kó o rìn ní 20 ìṣísẹ̀, ẹ̀yìn nàró, kí èjìká má rọ̀ sílẹ̀. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, nítorí ó ń fún ọwọ́, èjìká àti ẹ̀yìn lágbára láìjá iṣan kankan. Tó o bá ṣetán, tẹ orúnkún rẹ díẹ̀, kó o máa ṣísẹ̀ síwájú, sẹ́yìn, lórí ilẹ̀ tó le. Tí orí rẹ bá ń ròkè sódò, o ti ń yára jù.

Tó o bá ti ṣe èyí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, padà mú igi. Mú un bí ẹni di ọwọ́ ọmọdé mú sọdá títì: kò ní bọ́, kò sì ní ké. Ogún lọ́tùn-ún, ogún lósì, ó tó. Mí síta bí igi bá ṣe ń bọ̀ sílẹ̀. Mo fura pé ṣe lo máa ń sé èémí mọ́nú, ìyẹn ló ń mú ọ mí hẹlẹhẹlẹ.

Ẹ̀yin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi igi kọjú síra yín láìsí ìbòjú onírin àti ìbọ̀wọ́ tó nípọn. Ojú kò ní ààrọ̀.

Kọ̀wé sí mi tó bá di ọ̀sẹ̀ kẹfà, kó o sọ fún mi bóyá o ti lè fún aṣọ láìsí ìrora.