Afárá London tó wà ní Arizona

Ìbéèrè: Ṣé òkúta àtijọ́ ló ṣì gbé afárá tí wọ́n tú ní London lọ sí Amẹ́ríkà dúró?

Ìdáhùn: Rárá o, ẹ̀wù lásán ni òkúta náà báyìí. Ní 1831 tí wọ́n ṣí i, òkúta gíránáìtì ló gbé ihò rẹ̀ márùn-ún tó tẹ̀ bí ọrun. Fífẹ̀ tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ ní 1902 sí 1904 ló kó bá a: ìbú rẹ̀ kúrò ní ẹsẹ̀ bàtà 52, ó di 65, ìpìlẹ̀ kò sì lè ru ẹrù náà. Nígbà tó fi di 1924, ìhà ìlà-oòrùn ti fi ínǹṣì mẹ́ta sí mẹ́rin rì ju ìwọ̀-oòrùn lọ. Nígbà tí wọ́n ń tú u, wọ́n kọ nọ́ńbà sára òkúta kọ̀ọ̀kan, wọ́n gé ojú rẹ̀ tó kọjú síta, wọ́n sì fi bo kọnkéré onírin. Kọnkéré yẹn ló ń ru ọkọ̀ láti 1971.